Igbá Ọ̀yọ́ fún àtùpà orí tábìlì: mo ti lò ó, ẹ gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mo dúró sí: nínú gbogbo nǹkan tí mo ti dé orí gílóòbù láti fi ṣe àtùpà orí tábìlì, àdìrẹ o, pépà o, èèpo àgbọn o, kò tíì sí èyí tó wù mí tó igbá tí wọ́n ń tà ní Ọ̀yọ́. Igbá gidi ni mò ń sọ o, èyí tó hù nínú oko, kì í ṣe ike tí wọ́n kùn láwọ̀ igbá. Mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ torí àwọn tó ń béèrè pọ̀, ẹlòmíì á rí àtùpà náà nílé á ní ibo lo ti rà á, tí mo bá ní èmi ni mo ṣe é á ní kí n wá bá òun náà ṣe ọ̀kan, tó bá sì jẹ́ pé èèyàn lè ra ohun èlò ẹ̀ lọ́jà kó jókòó ti iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀, kí ló dé tí mi ò ní sọ bí ọjà náà ṣe rí.

Agbègbè ọjà Akẹ̀sán ni mo ti ra tèmi, ọjà tó jóná ní January 2020 tí wọ́n sì tún kọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó bá mọ Ọ̀yọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ igbá fínfín kì í ṣe iṣẹ́ àná níbẹ̀, àtìrandíran ni. Ẹ á rí ẹni tó jókòó sílẹ̀, tó fi igbá sáàárín ẹsẹ̀, tó ń fi ọ̀bẹ kékeré ha ẹ̀yìn ẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ibi tí ọ̀bẹ bá gbà á funfun, ibi tí kò bá gbà á dúró ní pupa rúsúrúsú tó wà tẹ́lẹ̀, kò sí pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ ẹ̀, kò sí rúlà, síbẹ̀ ìlà tó bẹ̀rẹ̀ á yí igbá ká á sì padà wá bá ara ẹ̀ láìyẹ̀. Mo lè dúró wo ìyẹn di ìrọ̀lẹ́.

Ohun tí ẹ máa béèrè ṣe pàtàkì gan-an. Tí ẹ bá kàn ní igbá lẹ fẹ́, èyí tí wọ́n là sí méjì ni wọ́n máa kó síwájú yín, ìyẹn dáa fún ọ̀ṣọ́ ara ògiri tàbí ká fi gbé ẹ̀bùn ìyàwó, àmọ́ kò bá àtùpà mu tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ní odindi lẹ fẹ́, èyí tí wọn ò tíì là, tàbí kí ẹ kúkú ní akèrègbè. Akèrègbè ni mo fẹ́ràn jù torí ọrùn ẹ̀. Tí a bá gé ìdí ẹ̀ tí a sì gbé e dé orí gílóòbù, ọrùn yẹn á nà sókè, ooru á máa gba ẹnu ẹ̀ jáde, ẹ ò ní láti wá ihò míì lu fún atẹ́gùn. Ẹ lè rà á ní fínfín, ẹ lè rà á ní bọ̀rọ́ kí ẹ máa lọ dá ọgbọ́n tiyín sí i lára. Èmi ra méjèèjì. Àwọn tó ń tà á níwà, tí ẹ bá ti ṣàlàyé pé iná lẹ fẹ́ gbé sínú ẹ̀, àwọn fúnra wọn á bá yín ṣa èyí tí ìdí ẹ̀ yí dọ́gba.

Ẹ má kánjú sanwó ṣá. Ẹ fi ìka kàn án, èyí tó ti gbẹ dáadáa á dún kókókó, èyí tí omi ṣì wà lára ẹ̀ ohùn ẹ̀ á kú. Ẹ mì í, tí èso inú ẹ̀ bá ń ró ṣaṣa ó ti gbẹ nìyẹn. Ẹ gbé e wò, ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ti lanu ẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sínú ẹ̀ níbẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ yí i káàkiri, ibi tó bá ti sán iná á yọ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, igbá tó bá sì ti ní ìlà yẹn lára kò ní fara da ihò tí ẹ fẹ́ lu sí i.

Ilé ni iṣẹ́ kù sí. Ayùn tí wọ́n fi ń gé irin ni kí ẹ fi gé ìdí ẹ̀, torí eyín ẹ̀ wẹ́, ayùn pákó á fà á ya. Inú igbá ní nǹkan funfun kan tó rọ̀ tó lẹ̀ mọ́ èèpo, ẹ gbọ́dọ̀ ha á kúrò pátápátá, torí ohun náà ló ń gbé iná mì, òun náà ni kòkòrò ń wá jẹ. Ẹ bu omi sí i kó rọ̀, ẹ wá fi ṣíbí onírin ha á. Ẹ má ha á ní gbígbẹ, eruku igbá korò, ó ń dí èèyàn nímú, ó ń mú èèyàn wúkọ́, ẹ fi nǹkan bo imú yín, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ fi sáńpépà kẹ́yìn ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ sá a sóòrùn títí á fi gbẹ kanrin. Ìgbà ọyẹ́ ló dáa jù, nígbà òjò igbá lè hu funfun nínú kí ẹ tó mọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá sì fi fáníìṣì dé e mọ́lẹ̀ láìgbẹ ti ti ìbàjẹ́ mọ́ inú ẹ̀ nìyẹn.

Ihò lílù wá ni ibi tó dùn. Dríìlì kékeré tó ń lo bátìrì ti tó, ẹnu ẹ̀ mẹ́ta ni mo ń lò, milimítà 2, 3 àti 5. Mo máa ń fi pẹ́ńsùlù tò ó ná, mo wá bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù. Ẹ má ti dríìlì o, ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ jẹ wọlé, igbá onípẹ̀lẹ́ kì í fọ́, àwo onípẹ̀lẹ́ kì í fàya. Tí ẹ bá tì í, á já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, á sì fa ẹ̀gbẹ́ ihò ya nínú lọ́hùn-ún níbi tí ẹ ò ti rí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ihò sún mọ́ra jù, àlàfo tó wà láàárín méjì gbọ́dọ̀ tó fífẹ̀ ihò kan ó kéré tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ igbá á bẹ̀rẹ̀ sí í sán láti ihò bọ́ sí ihò. Àwọn ará Tọ́kì náà ń fi igbá ṣe àtùpà, wọ́n ń lu ihò wẹ́wẹ́ yí i ká, wọ́n á tún ki ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ sínú òmíràn, ìyẹn ló jẹ́ kí n gbìyànjú ìlẹ̀kẹ̀ bẹbẹ tó ń dán nínú ihò milimítà 5, ó sì gbà, iná gba inú ìlẹ̀kẹ̀ kọjá, ó tan pupa tan àwọ̀ ewé sára ògiri. Ìlẹ̀kẹ̀ tí kò jẹ́ kí iná kọjá, iyùn fún àpẹẹrẹ, kò wúlò níbí.

Ní báyìí, iná ẹ̀ gan-an. Èèpo igbá ki, iná kì í gbà á kọjá bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ihò ló ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ mo gbìyànjú nǹkan kan: mo fi sáńpépà jẹ ẹ́ láti inú ní apá kan títí tó fi fẹ́lẹ́, nígbà tí mo tan gílóòbù sínú ẹ̀ lálẹ́, apá ibẹ̀ yọ àwọ̀ oyin, ihò tó wà láàárín ẹ̀ wá mọ́lẹ̀ jù ú lọ, ó rẹwà débi pé ẹni tó bá wọlé á kọ́kọ́ dúró wò ó kó tó kí yín. Lára ògiri ńkọ́? Ihò kọ̀ọ̀kan á ju àmì róbótó kan síbẹ̀, èyí tó wà lápá ìsàlẹ̀ á wẹ́ á sì ṣe ṣókí lórí tábìlì, èyí tó kọjú sí àjà á fẹ̀ á gùn á sì rọ̀, tí ẹ bá wá sún àtùpà náà mọ́ ògiri díẹ̀ gbogbo ẹ̀ á tún yí padà. Yàrá tí kò ní nǹkan kan lára ògiri á di ibòmíì.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí ni gílóòbù, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pinnu. LED tí gíláàsì ẹ̀ mọ́ gaara, tí ẹ ń rí okùn inú ẹ̀, ló ń jẹ́ kí àmì ara ògiri yọ kedere. Èyí tí ojú ẹ̀ funfun bí ẹfun á pa àmì náà rẹ́, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á kàn tàn ká. Àwọ̀ iná náà tún wà níbẹ̀, ẹ wo ara páálí, tí wọ́n bá kọ 2700K ìyẹn ni iná pupa rẹ́súrẹ́sú tó bá igbá mu, tí wọ́n bá kọ 6500K iná funfun ṣọ́ọ̀bù ni, igbá tó dára bíi kí ló dé á kàn rí bí eérú lábẹ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ gílóòbù tó wà ní àdúgbò wa 6500K ni, ẹ ní láti béèrè kí wọ́n wá a jáde.

Ẹ má dán an wò láé kí ẹ gbé gílóòbù àtijọ́ ti wáàtì 60 sínú igbá. Gílóòbù yẹn, nínú gbogbo iná tó ń jẹ, bíi ìdá 5 nínú 100 ló ń di ìmọ́lẹ̀, ooru ni ìyókù, igbá gbígbẹ sì rèé, ohun tó hù nínú oko ni, á gbóná á jó dúdú, ó lè gba iná pàápàá. LED wáàtì 5 ń tan ìmọ́lẹ̀ tó tó ti wáàtì 40 ìgbà yẹn, ìdí ẹ̀ nìkan ló ń gbóná díẹ̀, ìdí tí mo fi ní ẹ jẹ́ kí ẹnu akèrègbè ṣí sílẹ̀ lókè nìyẹn. Owó iná ẹ̀ náà kò tó nǹkan, tí ẹ bá ń tàn án ní wákàtí 5 lálaalẹ́ fún ọjọ́ 30, kò tó yúnìtì kan, wáàtì 40 á jẹ yúnìtì 6 láàárín àkókò kan náà. Tí NEPA bá mú iná lọ, inverter tó kéré jù lọ á gbé e dé àárọ̀. Ẹ rántí pé Edison fúnra ẹ̀, ará Amẹ́ríkà tí orúkọ ẹ̀ so mọ́ gílóòbù àtijọ́, nígbà tó ń wá ohun tó máa fi ṣe okùn inú gílóòbù, oríṣiríṣi nǹkan tó ń hù ló sun di èédú tó fi dán an wò, ọparun ilẹ̀ Japan ló sì bọ́ sí i lọ́wọ́ ní 1880. Ìwádìí ohun èlò ti wà nínú iṣẹ́ iná láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àdìrẹ ló tẹ̀lé igbá lọ́kàn mi. Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni kí ẹ lọ tí ẹ bá fẹ́ rí i kí ẹ ṣà, àmọ́ ẹ béèrè àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi láfún yà kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, torí èyí tó pọ̀ nílẹ̀ ni kàmpálà tí wọ́n fi ìda àbẹ́là ṣe. Mo ra èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, tí òpó gbọ̀ngàn Mápó wà nínú ẹ̀, mo nà án sára wáyà róbótó, mo tan iná sí i. Ní ọ̀sán ó gbayì gidi. Lálẹ́, ibi funfun nìkan ló tàn, àwọ̀ aró di dúdú pátápátá, òpó Mápó wá dúró gbagidi nínú òkùnkùn, ìyẹn wù mí o, mi ò ní purọ́, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó jáde kò tó ka ìwé. Aró tuntun tún máa ń kun ọwọ́, ẹ ní láti fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ fi máa mọ́ kí ẹ tó lò ó. Nípa kó lè le gbagbagba, sítáàṣì àti gúlúù funfun táwọn káfíńtà ń lò ni mo fi wé ara wọn, gúlúù tí a fi omi là ló borí, torí sítáàṣì á rọ̀ nígbà òjò, aáyán á sì sọ ọ́ di oúnjẹ. Ẹni tó bá fẹ́ àtùpà fún ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí kò ní fi ṣe nǹkan kan ju kó máa wò ó lọ, kó ra àdìrẹ.

Pépà, mi ò ní sọ púpọ̀. Àwọn ará Japan ti mọ̀ ọ́n ṣe, oníṣẹ́ ọnà kan tó ń jẹ́ Isamu Noguchi bẹ̀rẹ̀ àtùpà tó pè ní Akari ní 1951 ní ìlú Gifu, ọparun ni egungun ẹ̀, pépà tí wọ́n fi èèpo igi ṣe ló bò ó, wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní. Pépà tí à ń kọ̀wé sí kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, á pọ́n, á gbẹ, á ya. Èèpo àgbọn náà le, ó dán tí ẹ bá fi sáńpépà kọjá lára ẹ̀, àmọ́ ó kéré jù fún gílóòbù tó wọ́pọ̀, mo ń lò ó fún ọ̀ṣọ́ ìdí àtùpà nìkan.

Ìdí àtùpà ńkọ́, torí igbá fúyẹ́, ohun tó bá gbé e gbọ́dọ̀ wúwo. Pákó àrẹ̀rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọ̀bẹ, ó sì pọ̀ lọ́jà pákó, àmọ́ ó fúyẹ́ jù, ọmọdé kan á kàn fa wáyà, gbogbo ẹ̀ á wó lulẹ̀. Ìrókò dáa, ó wúwo, kòkòrò kì í sábà jẹ ẹ́, owó ẹ̀ ló le. Èyí tí mo dúró lé lórí báyìí ni sìmẹ́ńtì: òṣùwọ̀n sìmẹ́ńtì 1 sí iyanrìn 2, omi díẹ̀, mo dà á sínú abọ́ ike tí mo ti fi òróró pa nínú, mo fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ẹ̀ kí wáyà lè ríbi kọjá. Mi ò kì í fi wáyà sí i kó tó tó ọ̀sẹ̀ kan, torí ọ̀rinrin ṣì máa ń wà nínú ẹ̀ bí ojú ẹ̀ tilẹ̀ gbẹ. Sìmẹ́ńtì eérú lábẹ́ igbá pupa, wọ́n bá ara wọn lọ ju bí mo ṣe rò lọ, ẹ kàn lẹ aṣọ nípọn mọ́ abẹ́ ẹ̀ kó má ha tábìlì.

Ibi tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ti ṣahun ni ti iná. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ ra ilé gílóòbù tó jẹ́ ti tánganran tàbí ti ike tó le, ẹ má ra onírin. Ẹ ra wáyà rírọ̀ tó nípọn, èyí tí wọ́n kọ 0.75 mm² sí lára ti tó fún LED. Tó bá jẹ́ gílóòbù onísíkúrù, wáyà tó gbé iná, èyí tó jẹ́ bíráùn, gbọ́dọ̀ lọ sí àárín gbùngbùn ìdí ilé gílóòbù, búlúù ló ń lọ sí ara síkúrù, torí ara síkúrù ni ọwọ́ lè kàn nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ gílóòbù. Ẹ ta wáyà ní kókó nínú kó tó jáde, kó má baà já tí ẹnikẹ́ni bá fà á. Fíúsì tó máa ń wà nínú pílọ́ọ̀gì tí wọ́n ń tà sábà máa ń jẹ́ ti ámpì 13, ẹ yọ ọ́, ẹ fi ti ámpì 3 sí i. Ẹni tí iná bá ń bà lẹ́rù, kó pe oníná, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fún un.

Ó ku ibi tí igbá kù sí, torí kò sí ọjà tí kò ní àbùkù. Kò sí méjì tó dọ́gba, ẹni tó bá fẹ́ kí àtùpà méjì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì jọra bí ìbejì á wá a títí. Tó bá bọ́, ó ti fọ́ nìyẹn, ẹ lè fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ àmọ́ iná á máa gba ojú ẹ̀ jáde. Eruku máa ń kó sínú ibi tí wọ́n fín, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi gbá a, ẹ má fi omi nù ún. Kòkòrò lè wọ̀ ọ́ tí ẹ ò bá ha inú ẹ̀ dáadáa, fáníìṣì tí kò dán lẹ́ẹ̀mejì, nínú àti lóde, ló ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Fífi ránṣẹ́ láti páàkì tún léwu, ọ̀kan tí mo ní kí wọ́n gbé wá fún mi dé ní àpá méjì, ẹni tó gbé e kò bìkítà pé nǹkan ẹlẹgẹ́ ni, látìgbà náà mo máa ń ní kí wọ́n fi àkísà kún inú ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sínú páálí.

Máàkì 9 nínú 10 ni mo fún igbá Ọ̀yọ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ 7, ìrísí ẹ̀ ló gba ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Pépà 3, èèpo àgbọn 5. Owó igbá bọ̀rọ́ kò ká èèyàn lára, fínfín ló gbówó lórí díẹ̀, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ torí ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, ẹ má dúnàádúrà débi tí ẹ máa yẹ ìyá oníṣòwò náà kúrò lórí èrè ẹ̀. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú gílóòbù yín àti ilé ẹ̀ dání nínú báàgì kí ẹ fi wọn ìdí igbá níbẹ̀, ẹ fi ojú wọn àyè tó máa ṣẹ́ kù láàárín gílóòbù àti èèpo, ó yẹ kó tó ìka mẹ́ta yí ká. Èyí tó bá há ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó ti wù kó dára lójú, ẹ fi sílẹ̀ kí ẹ gbé òmíràn.